Ìfètòsọ́mọbíbí ládùúgbò wa: ohun táwọn obìnrin ń bi mí, àti èsì tí mo ń fún wọn

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Àárín ìgboro Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lágbègbè Bẹẹrẹ, Fókò àti Agúgù, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí ojúlé mẹ́jọ ń pín kànga kan, tí tọkọtaya àtọmọ márùn-ún sì ń sùn nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹnu àwọn obìnrin ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè tí ẹ máa kà níbí: lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àyẹ̀wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ata, nígbà míì lójú ọ̀nà tí mo bá ń relé. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n fi ń bèèrè ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo kọ èsì mi sílẹ̀ nítorí ó ń dùn mí púpọ̀ láti rí obìnrin tó gba nǹkan sára láìsí ẹni tó ṣàlàyé fún un, tí ìbẹ̀rù mú un yọ ọ́ kúrò, tó sì padà wá bá mi pẹ̀lú oyún tí kò fẹ́.

Nọ́ọ̀sì, ṣé ìfètòsọ́mọbíbí yìí kì í ṣe àṣà òyìnbó?

Oògùn àti abẹ́rẹ́ ló tòkè òkun wá. Fífi àlàfo sáàárín ọmọ, tiwa ni. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, obìnrin tó bá bímọ kì í padà sórí ẹní ọkọ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi rìn dáadáa, tí wọn yóò sì já a lẹ́nu ọmú. Ọdún méjì ni, ó sì lè tó mẹ́ta. Wọ́n gbà pé bí ọkọ bá sún mọ́ ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, omi ọmú yóò bàjẹ́, ọmọ yóò sì máa ṣàìsàn. Omi ọmú kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìgbàgbọ́ náà dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ àti ìyá sí. Ìtìjú gidi ni nígbà náà kí obìnrin gbé oyún lé ọmọ ọwọ́.

Ilé ló yí padà. Nínú agbo ilé, ìyàwó ní yàrá tirẹ̀, ìyá ọkọ ń fojú ṣọ́ wọn, ọkọ sì lè máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó kejì. Ẹ wá wo yàrá kan tí wọ́n háyà, tí ẹní wọn wà nílẹ̀ ibẹ̀. Àṣà tí wọ́n gbé ka yàrá méjì kò lè dúró nínú yàrá kan. Bí àwọn àgbà bá ní kí la ń fi oògùn ṣe, tí àwọn ò lò ó, èyí ni mo máa ń sọ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń mi orí. Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé náà gbà wá nímọ̀ràn pé kí ìyá dúró fún ó kéré tán oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kó tó tún lóyún. Iye tí ìyá àgbà ń kà lórí ìka náà nìyẹn.

Èwo ló dáa jù?

Kò sí èyí tó dáa jù fún gbogbo èèyàn, àmọ́ agbára wọn ò dọ́gba. Nínú 100 obìnrin tó lo alápá fún ọdún kan, ìyẹn igi tín-ín-rín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá, kì í tó ẹnì kan tó máa lóyún. Lúùpù tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú 100 tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, bí mẹ́rin, nítorí pé èèyàn máa ń gbàgbé ọjọ́. Oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, bíi méje. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù, bí 13. Kí ọkọ yọ kó tó dà á, bí 20. Tọkọtaya tí kò lo nǹkan kan ńkọ́? Bí 85 nínú 100 ni yóò lóyún kí ọdún tó yí po.

Mi ò kì í bẹ̀rẹ̀ látorí iye yìí ṣá. Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ìgbésí ayé obìnrin náà ṣe rí. Ṣé ó ṣì fẹ́ bí òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀? Kò ní dáa kó gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, torí ó máa ń pẹ́ kí oyún tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde lọ ra ẹ̀fọ́, tó ń wọlé lálẹ́? Oògùn ojoojúmọ́ yóò máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé òun àti ìyàwó ilé kejì jọ ń lo àpótí kan náà, tí kò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí káàdì tàbí páálí oògùn? Ó yẹ ká ro ìyẹn náà mọ́ ọn.

Oríṣi alápá méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: Jadelle onígi méjì ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, Implanon onígi kan fún ọdún mẹ́ta. Lúùpù onídẹ bàbà lè lo ọdún mẹ́wàá. Oríṣi abẹ́rẹ́ kékeré kan tún wà, Sayana Press, tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ikùn tàbí itan. A lè kọ́ obìnrin láti gún un fúnra rẹ̀ nílé lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ìyẹn ti gba ọ̀pọ̀ oníṣòwò lọ́wọ́ títò sórí ìlà láti àárọ̀.

Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró látìgbà tí mo ti gba abẹ́rẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ sínú mi ni?

Bí ìbéèrè kan bá wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn dáhùn kí obìnrin tó káṣọ sókè fún abẹ́rẹ́, èyí ni. Òun ló ń lé wọn kúrò ju ohunkóhun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Loṣooṣù ni ilé ọmọ máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ọmọ tó lè wá. Ẹran ara tín-ínrín àti ẹ̀jẹ̀ ni ẹní ọ̀hún. Bí ọmọ kò bá wá, ilé ọmọ á ká ẹní rẹ̀, á dà á síta, ìyẹn la sì ń pè ní nǹkan oṣù. Iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ara pé kó má retí àlejò. Ara ò ní fi ẹyin sílẹ̀, ilé ọmọ kò sì ní tẹ́ ẹní tó nípọn. Ẹní tí a kò tẹ́, kò sí kíká rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó ń kó jọ níbì kankan. Kò gun orí lọ, kò di ìju, kò sì bọ́ sínú oúnjẹ.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń bà wá lẹ́rù. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ fún wa pé nǹkan oṣù ló ń fọ obìnrin mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ búburú ló ń jáde. Bí nǹkan tó ń fọni mọ́ bá wá dáwọ́ dúró, kí ni kéèyàn rò? Torí náà mi ò kì í fi obìnrin tó bá béèrè rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta gààrí lágbègbè Bẹẹrẹ mu àgbo fún oṣù méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè wá, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò lè jẹun. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré la fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹní yìí fún un. Ó ní, "Ṣé báyìí ni? Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gún mi?" Èmi náà kò mọ ohun tí mo lè dá a lóhùn.

Bí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró lẹ́nu lúùpù onídẹ tàbí oògùn oníhóró, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ wá ṣe àyẹ̀wò oyún. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó gba abẹ́rẹ́ tó sì ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kó padà wá. Bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ má tìtorí ìtìjú jókòó sílé. Tí kò bá tíì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ yín, a ṣì lè gún un.

Tèmi ò dá. Ó ń kán díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò lè kírun, ọkọ mi sì ti ń kùn.

Alápá àti abẹ́rẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ti bàjẹ́ nínú yín. Àmọ́ pé kò léwu kò túmọ̀ sí pé kò ni yín lára, mo sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ èyí. Obìnrin tí kò lè kírun, tí kò lè gbààwẹ̀, tí kò lè sún mọ́ ọkọ rẹ̀, tó sì ń ra páàdì lójoojúmọ́ nínú owó tó fi ń tajà, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Oògùn wà tí a lè fún yín láti dín ẹ̀jẹ̀ náà kù. Bó bá ṣe díẹ̀ tí kò dá, tàbí tó ń pọ̀, ẹ wá ká yí i padà sí òmíràn. Lúùpù onídẹ kì í da ọjọ́ nǹkan oṣù rú, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, kí inú sì máa run yín ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ yan èyí tí ara yín lè gbà.

Ṣé mi ò ní yàgàn bí mo bá lò ó?

Ẹ ò ní yàgàn. Bí wọ́n bá yọ alápá tàbí lúùpù lónìí, ẹ lè lóyún nínú oṣù yìí gan-an. Mo ti rí ẹni tó lóyún kí ojú ọgbẹ́ alápá tó jinná tán. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta nìkan ló máa ń fà á sẹ́yìn: lápapọ̀, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ó ń pẹ́ ni, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n gún ọmọge tó ń múra ìgbéyàwó ní abẹ́rẹ́ láìsọ èyí fún un.

Àrùn ìbálòpọ̀ tí a kò tọ́jú àti oyún tí wọ́n bà jẹ́ ní ibi tí kò mọ́ ló ń sọ ọ̀pọ̀ obìnrin di àgàn. A kì í dárúkọ àwọn yẹn tí a bá ń wá ẹni tí a máa dá lẹ́bi.

Wọ́n ní ó ń fa ìju àti jẹjẹrẹ.

Ìju, rárá. Òótọ́ ni pé bí ìju bá ti yí inú ilé ọmọ padà, lúùpù lè má ṣeé fi síbẹ̀, àmọ́ lúùpù kọ́ ló fà á. Ní ti jẹjẹrẹ, èsì rẹ̀ ní apá méjì, mi ò sì ní fi ọ̀kan pa mọ́. Oògùn oníhóró máa ń dín ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin àti ti ilé ọmọ kù. Ó sì lè fi díẹ̀ kún ewu jẹjẹrẹ ọmú ní àkókò tí obìnrin ń lò ó, èyí tó ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́, lúùpù onídẹ ni kó lò.

Ọkọ mi ò gbà. Ó ní mo fẹ́ máa ṣe ìṣekúṣe ni.

Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó ní kí ọkọ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní àfi kí ẹ mú ọkọ yín wá, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ óò padà sílé, èmi kọ́ ni màá bá yín sùn sínú yàrá náà. Torí náà, bó bá jẹ́ ọkọ tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ mú un wá. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í jà nítorí ọmọ. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé nǹkan yóò bàjẹ́ nínú ara ìyàwó wọn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn lóhùn rí. Awakọ̀ kan tó bínú wá bá mi pé mo ti ba ìyàwó òun jẹ́ jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹní yẹn, ó sì béèrè bóyá ọkùnrin náà ní tirẹ̀. Owó ilé ìwé ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́kàn rẹ̀ látàárọ̀.

Bó bá wá jẹ́ ọkọ tó máa ń lu yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ní kọ́lọ́fín. Ọ̀nà wà tí kò hàn, káàdì yín sì lè wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀mí yín ló ṣe pàtàkì jù.

Orogún mi ti bí mẹ́fà, mẹ́ta ni tèmi. Bí mo bá dáwọ́ dúró, ṣé wọn ò ní fi ogún jẹ mí níyà?

Mo fẹ́ràn obìnrin tó bá sọ èyí jáde, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ilé nìyẹn, ìwé ìlera kì í sì í mẹ́nu kàn án. Ìdí-igi ni ìpìlẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń pín ogún: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe iye ọmọ. Ìyàwó tó bí ọ̀kan àti èyí tó bí mẹ́fà, ìdí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí èyí múlẹ̀ ní 1962. Bí ìjà bá wà nìkan ni olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in lórí-ó-jorí. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ara yín wewu láti bí ọmọ mẹ́ta sí i nítorí ìpín ilé kan tí òjò ti ń jò wọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ogún lọ, pé ipò yín lójú ìyá ọkọ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in nínú ẹbí ọkọ yín kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ mú yín.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò kì í ṣe wòlíì tàbí àfáà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Al-Kùránì dárúkọ ọdún méjì gbáko fún fífọ́mọ lọ́mú, pé àwọn Sàhábà sì máa ń yọ kí wọ́n tó dà á, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ Mùsùlùmí fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́tọ̀ọ́. Ìjọ Àgùdà kò fọwọ́ sí oògùn tàbí lúùpù látìgbà ìwé póòpù ti 1968, ṣùgbọ́n ó gba kíka ọjọ́, kí tọkọtaya má sún mọ́ra lọ́jọ́ tí oyún lè dúró. Àwa náà ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ dáadáa, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kà á kò tọ̀nà: ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n sá fún gan-an ni wọ́n ń sún mọ́ra.

Mo ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyẹn ò tó ni?

Ó tó, bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, bí nǹkan oṣù yín kò bá tíì padà, bí kò bá sì sí omi, àgbo tàbí ẹ̀kọ tó ń wọ ẹnu rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ti yẹ̀, ó ti yẹ̀. Àgbo ló máa ń bà á jẹ́ fún wa jù. Ìyá á ní ọmú nìkan lòún ń fún un, á gbàgbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ìyá àgbà ń rọ fún ọmọ láràárọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, alápá, abẹ́rẹ́ àti lúùpù kì í dín omi ọmú kù. Oògùn oníhóró olóríṣi méjì, ìyẹn èyí tó ní oríṣi hòmóònù méjì nínú, ni kẹ́ ẹ yẹra fún títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ lè gba alápá kí ẹ tó kúrò ní ibi ìbímọ pàápàá. Lúùpù náà ṣeé fi sí láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́. Bí ìyẹn bá kọjá, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mi ò tíì lọ́kọ. Nọ́ọ̀sì kan bi mí pé kí ni mo ń fi ṣe.

Ẹ máà bínú. Kò yẹ kó bi yín bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 19 kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán wá sí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn òkè wàásù fún un lójú gbogbo èrò. Ó dìde, ó lọ. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé e padà wá, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi nǹkan ba oyún rẹ̀ jẹ́ nínú yàrá kan. Kò kú, ọpẹ́ ni. Látọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń ti ilẹ̀kùn kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Òfin Nàìjíríà kò gba oyún ṣíṣẹ́ àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, nítorí náà kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kú.

Ẹ fi kọ́ńdọ̀ọ̀mù kún ohunkóhun tí ẹ bá ń lò. Alápá ò lè dá kòkòrò HIV dúró.

Omi iyọ̀ ńkọ́, lẹ́yìn tó bá ti ṣẹlẹ̀? Tàbí Postinor?

Omi iyọ̀, kán-ún, ọsàn wẹ́wẹ́ àti jíìnì kò ṣe nǹkan kan fún oyún. Inú ikùn oúnjẹ ni wọ́n ń lọ. Postinor, oògùn tí wọ́n ń gbé mì lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá tètè lò ó, kí wákàtí 72 tó pé, àmọ́ ti ìṣòro òjijì ni. Ẹni tó ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń náwó púpọ̀ sórí èyí tí agbára rẹ̀ kéré, nǹkan oṣù rẹ̀ á sì máa dàrú. Èyí tó lágbára jù lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni lúùpù onídẹ tí wọ́n bá fi sí kó tó pé ọjọ́ márùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n kí kẹ́míìsì sọ ìyẹn fún yín.

Òrùka àti ìgbàdí tí bàbá mi fún mi ńkọ́?

Mi ò ní bú bàbá yín. Àmọ́ mo ti gbẹ̀bí fún àwọn tí òrùka ṣì wà lọ́wọ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì gba alápá.

Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Èwo ni kí n lò?

Kẹ́ ẹ má lo oògùn oníhóró olóríṣi méjì. Kí wọ́n wọn ìfúnpá yín kí wọ́n tó fún yín ní nǹkankan. Bí kẹ́míìsì bá kàn nawọ́ páálí sí yín láì wọn nǹkan, ẹ dá a padà. Lúùpù onídẹ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, alápá náà sì dára.

Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS, oyún léwu fún yín ju gbogbo oògùn wọ̀nyí lọ. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta dára fún yín, ó tilẹ̀ ń dín ìrora kù fún àwọn kan. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife, ẹ sọ fún wa, nítorí rifampicin inú rẹ̀ máa ń sọ agbára oògùn oníhóró àti alápá di yẹpẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn HIV, ẹ mú orúkọ rẹ̀ wá, torí ọ̀kan nínú wọn, efavirenz, ń ṣe bákan náà fún alápá.

Bí àyà bá ń dùn yín, tí ẹsẹ̀ kan wú tó ń ro, tí orí fọ́ yín bí irú èyí tí kò ṣe yín rí, tàbí tí ojú ń ṣú yín lẹ́nu oògùn oníhóró, ẹ lọ sí jẹ́níràl lọ́jọ́ náà. Inú rírun kíkankíkan pẹ̀lú ibà lẹ́nu lúùpù náà kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́.

Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé oògùn àti ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ohun tí wọn kò fi kún un ni ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora, bíléèdì àti káàdì. Òun ni wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Fún obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà, owó náà lè jẹ́ èrè ọjọ́ méjì. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gba owó fún kí ẹ tó san án, kí ẹ sì béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó dìde nílé. Lọ́dún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ilé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn, USAID, pa, ọ̀nà kan tí owó irú iṣẹ́ yìí ti ń wọlé di. Ó yẹ kí ìjọba tiwa kún un, kì í ṣe obìnrin alátẹ.

Ṣé àwọn míì ń lò ó, àbí èmi nìkan ni?

Nínú àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, 12 nínú 100 obìnrin tó lọ́kọ ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé. Nínú ti 2023 sí 2024, ó di 15. Ìjọba ti ṣèlérí pé yóò tó 27 kí 2020 tó parí. Kò tó o, kò sì sún mọ́ ọn.

Ìbàdàn ti gbìyànjú o. Ní 1980 ni UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn, bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ní abúlé láti máa pín oògùn àti kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Ní 2009 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní NURHI bẹ̀rẹ̀ ní ìlú mẹ́rin, Ìbàdàn wà lára wọn, àdúgbò bíi tiwa gan-an ni wọ́n sì fojú sùn. Nínú ohun tí wọ́n ṣe, èyí tí mo mọrírì jù ni pé wọ́n á tún ilé ìwòsàn ṣe láàárín wákàtí 72, kí àwọn aláìsàn tó dé lọ́jọ́ Ajé: ọ̀dà tuntun, aṣọ ìkélé, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Àwọn kan lè ní kí ni ilẹ̀kùn fẹ́ ṣe. Ẹ bi ẹni tó ti káṣọ sókè rí níbi tí ọkọ aládùúgbò rẹ̀ ti lè rí i.

Mo fẹ́ yọ alápá mi, wọ́n ní kò tíì tó àsìkò. Wọ́n ní ọjà ìjọba ni mo fẹ́ fi ṣòfò.

Ara yín ni. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ ni kí wọ́n yọ ọ́, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì. Òṣìṣẹ́ lè bi yín ní ìdí rẹ̀ kó lè ràn yín lọ́wọ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ilé ìwòsàn kan dá obìnrin kan padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó sú u, ó lọ bá ẹnì kan ládùúgbò tó fi bíléèdì gé apá rẹ̀, tí kò rí igi kankan yọ. Ọ̀dọ̀ mi ló bọ́ sí, apá rẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣọyún. Kò sí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí aládùúgbò rẹ̀ kan tó tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ alápá látìgbà náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè yọ ọ́ nígbàkígbà kì í bẹ̀rù láti gbà á.

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ ọ fi bíléèdì kàn yín. Bí ibì kan bá kọ̀, ẹ lọ síbòmíràn, tàbí ẹ béèrè fún ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀.

Kí ló dé tí obìnrin nìkan ló ń jìyà rẹ̀? Àwọn ọkùnrin ńkọ́?

Kọ́ńdọ̀ọ̀mù wà. Iṣẹ́ abẹ kékeré náà wà fún ọkùnrin tó ti parí ọmọ bíbí. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá: ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà ni wọ́n ń dí, okun rẹ̀ ò yẹ̀, ó kàn gbọ́dọ̀ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Díẹ̀ ló ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Inú mi ìbá dùn kí ẹ máa bi wọ́n ní ìbéèrè náà nílé.

Kí ni kí n mú dání bí mo bá ń bọ̀?

Ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ kẹ́yìn, bí ẹ bá rántí. Orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àgbo pẹ̀lú. Ẹ lè gbé ọmọ dání. Ẹ má gbààwẹ̀ wá, ẹ má sì dúró de nǹkan oṣù kẹ́ ẹ tó wá; bí ó bá dá wa lójú pé kò sí oyún, a lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ìtìjú bá ń mú yín láti sọ ohun tí ẹ wá ṣe létí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ ní ẹ wá rí nọ́ọ̀sì. Màá gbọ́ ìyókù tí a bá ti wọlé.